A ti gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n wọn, wọ́n tún nà wá ní 4-3: ṣé ọwọ́ ẹ̀yìn ni kí n pààrọ̀?

Kóòṣì Òkè-Baálẹ̀ · Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Òròkí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa kan ní bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 16 sí 19 ni wọ́n. Kò sówó níbẹ̀, a kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni. Láti ìgbà tí mo ti rí ohun tí Barcelona ti Hansi Flick fi ojú Real Madrid rí ní Bernabéu lóṣù kẹwàá 2024, tí wọ́n nà wọ́n ní 4-0, tí Madrid kó sí ọ́fúsáìdì (kí ẹni iwájú ti kọjá ọwọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i) lẹ́ẹ̀méjìlá, Mbappé nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ni mo ti búra pé àwọn ọmọ mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. 4-3-3 (ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú), ká fún wọn lọ́rùn láti ẹnu ilé wọn.

Sátidé tó kọjá, aago mẹ́ta ọ̀sán, a bá àwọn ọmọ kan láti apá Ayétòrò gbá eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Kí ìṣẹ́jú 31 tó pé, góòlù mẹ́ta ti wọlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ilé wọn la ti já bọ́ọ̀lù gbà. Oníbúrẹ́dì tó ń kọjá lọ gan-an sọ igbá kalẹ̀, ó ń wòran. Èmi náà ti ń gbé àyà síwájú.

Àṣé ayé ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 38, nọ́ńbà 9 wa, ẹni iwájú pátápátá, àti wíìngì méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sáré bo kípà wọn, kípà gbá bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, nọ́ńbà 10 wọn gbà á ní àárín pápá, kò sẹ́nì kan nítòsí rẹ̀, ó tún bọ́ọ̀lù ṣe bí ẹni tó ń tún gèlè ṣe, ó fi í sílẹ̀ fún nọ́ńbà 9 wọn, góòlù. Ìṣẹ́jú 52, góòlù-kíìkì ni wọ́n ní. Ọwọ́ ẹ̀yìn wa ti gòkè wá, nọ́ńbà 9 wọn nìkan ló dúró lẹ́yìn wọn, kípà gbá a sí i tààrà. A ń pariwo ọ́fúsáìdì, láínsìmáànù ò gbé àsíá. A bá a fa ọ̀rọ̀ náà tó ìṣẹ́jú márùn-ún, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa aṣọ ya mọ́ ọn lára. Ìṣẹ́jú 68, nọ́ńbà 2 wa ti gòkè, kò rí ẹsẹ̀ padà. Ìkẹrin, ìṣẹ́jú 84, nọ́ńbà 5 wa ń bá ọmọ kékeré kan sáré bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì.

Gbogbo àdúgbò ló ní kí n lé nọ́ńbà 4 àti 5, síńtà báàkì méjèèjì tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn. Kí lẹ rí sí i?


Mọ́ńkì Pósítì · Ajé, 9:20 alẹ́

Kóòṣì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ mo rẹ́rìn-ín, mi ò purọ́. Nígbà tí à ń gbá félélé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó bá ń sáré bí ẹni ru sìmẹ́ńtì, inú ilé la máa ń fi í sí kó máa ṣọ́ òkúta méjì. Ẹ wá nọ́ńbà 5 mìíràn. Ọ̀rọ̀ bùṣe.


Àgbà Nọ́ńbà 6 · Ajé, 9:47 alẹ́

Kóòṣì, ẹ má tíì lé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ lọ bẹ láínsìmáànù yẹn ná, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù yín lọ. Kò sí ọ́fúsáìdì láti orí góòlù-kíìkì. Kò sí láti orí bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, kò sì sí láti orí kọ́nà. Ẹni tó bá wà ní ìdajì pápá tirẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí i náà, kò lè sí ní ọ́fúsáìdì. Góòlù kejì yẹn, ẹ̀yin lẹ gbé e fún wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá wà nílẹ̀ fún góòlù-kíìkì, kí ẹnìkan dúró ti nọ́ńbà 9 wọn, ibi yòówù kó wà.

Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí nọ́ńbà 9 yín ń sáré bo kípà wọn ní ìṣẹ́jú 38, ibo ni nọ́ńbà 4 àti 5 yín dúró sí? Ẹ má fi iyè inú dáhùn.


Kóòṣì Òkè-Baálẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 6:35 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ojú tì mí nípa ti láínsìmáànù. Mo ti fi ìwé ráńṣẹ́ lórí fóònù, mo ní kó má bínú.

Àbúrò mi ló fi fóònù ká eré yẹn. Mo dá a dúró ní ìṣẹ́jú 38, mo tún un wò bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Pápá yẹn ò tó mítà 105 tí wọ́n ń lò ní Champions League, ẹ jẹ́ ká pè é ní 95. Nọ́ńbà 9 wa wà lẹ́nu ilé 18 wọn, àpótí ńlá tí wọ́n fà síwájú góòlù. Nọ́ńbà 4 àti 5 wa, ẹnu ilé 18 tiwa ni wọ́n wà. Mídífíìdì mẹ́ta péré ló wà láàárín. Mo wá bi nọ́ńbà 5 pé kí ló dé tí kò gòkè. Ó ní, “Kóòṣì, mo mọ̀ pé mi ò lè sáré. Tí mo bá gòkè, tí wọ́n gbá a kọjá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi lé e ni?”


Àgbà Nọ́ńbà 6 · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Láti ilé 18 dé ilé 18, ó lé ní mítà 60 lórí pápá yẹn. Arrigo Sacchi tó fi AC Milan gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990, nǹkan bí mítà 25 ló fẹ́ kó wà láàárín nọ́ńbà 9 rẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ òkè ni wọ́n wà, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀. Tiyín ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ méjì ni ẹ kó wọ pápá: ẹgbẹ́ kan ń lé, ìkejì ń sá. Àárín wọn ni nọ́ńbà 10 àwọn ọmọ Ayétòrò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹ ṣì wà ní 3-0, àwọn ọmọ yẹn ń bẹ̀rù, wọ́n ń gbá páàsì kúkúrú sínú ewu. Nígbà tí kípà wọn rí i pé òun lè gbá a gba òkè, eré yí padà. Ẹ ò yí padà.

Ọmọ tó ń sọ pé òun ò gòkè nítorí pé òun ò lè sáré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí òótọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà. Ibi tí kò fẹ́ lọ yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ eré sísá. Bí ó bá wà ní ìdajì pápá, nígbà tí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù ní ènìyàn lọ́rùn, tí kò lè gbé ojú sókè, báwo ni onítọ̀hún ṣe máa rí ọ̀nà gbá bọ́ọ̀lù tó dáa sẹ́yìn rẹ̀? Àmọ́ bí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù bá ráyè, tó ti ń wo iwájú, kí nọ́ńbà 5 má dúró wòye. Kó máa fà sẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún. Ohun tí ọwọ́ ẹ̀yìn ń wò nìyẹn: ṣé ẹni tó ní bọ́ọ̀lù ráyè, àbí kò ráyè. Mo ti rí síńtà báàkì ọlọ́jọ́ orí tí kò lè bá ewúrẹ́ sáré, tí ẹnikẹ́ni ò kọjá rẹ̀, torí pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká wá sí iwájú, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù. Ṣé ẹ ti lé adìyẹ rí nínú àgbàlá? Ẹni tó bá ń lé e láàárín gbùngbùn, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Ẹnìkan á dí ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹ̀kẹta á wá rọra máa darí rẹ̀ lọ sí igun ògiri, kò ní sáré rárá. Ó di ìgbà tí adìyẹ bá dé igun kí wọ́n tó fò mọ́ ọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá ni ògiri yín. Ẹni tó gba bọ́ọ̀lù síbẹ̀, apá kan ṣoṣo ló kù fún un.

Nọ́ńbà 9 yín ń sáré tààrà bo kípà, kípà sì rí òsì, ó rí ọ̀tún, ó rí òkè. Kí ó sáré yí bí dòjé: kó ti ẹ̀gbẹ́ síńtà báàkì kan gba ọ̀dọ̀ kípà lọ, kó jẹ́ pé ibi tó wà ti dí ọ̀nà síńtà báàkì yẹn. Ó di dandan kí kípà gbá a sí apá kejì. Wíìngì yín ti ń dúró de ìyẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá kan fúlúbáàkì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, wíìngì yín bọ́ sí i lọ́rùn, mídífíìdì tó wà nítòsí mú ẹni tó lè gbà á ní inú, nọ́ńbà 9 dí ọ̀nà àbọ̀ sọ́dọ̀ kípà. Wíìngì apá kejì kò gbọ́dọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tirẹ̀ bí ọlọ́pàá ojú pópó, kó wọ inú wá. Nọ́ńbà 6, mídífíìdì tó ń dúró níwájú ọwọ́ ẹ̀yìn, ńkọ́? Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ lójijì. Mo gbá ipò yẹn fún ọdún mọ́kànlá, èrè ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ òun ló ń so ilé ró.

Ẹ má sì sáré nígbà gbogbo. Àmì wà. Páàsì ẹ̀yìn: láti 1992 tí òfin ti ní kí kípà má fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá sí i, páàsì ẹ̀yìn ti di ìlù tó ń pè yín síjó. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ta lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbà á tó kọ ẹ̀yìn sí ilé yín. Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti òkè, tí ẹni tó máa gbà á ń wo ojú ọ̀run. Bí kò bá sí àmì, ẹ dúró sójú kan, ẹ sún mọ́ra yín, ẹ jẹ́ kí síńtà báàkì wọn máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré. Kò pa yín lára.


Wíìngì 7 · Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Bàbá, mo kí yín, àmọ́ mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kálukú ń wo àmì, tó ń wo ìlà, tó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 17 á ti sùn lọ. Ẹ fún kálukú ní ẹni tirẹ̀. Ẹni tí ó mú, tó bá lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà, kó tẹ̀lé e lọ. Bí Gasperini ṣe ń ṣe é nígbà tó jẹ́ kóòṣì Atalanta nìyẹn. Ẹ rántí àṣekágbá Europa League, ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2024 ní Dublin. Bayer Leverkusen ti gbá eré 51 láìfìdírẹmi. Atalanta mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jákèjádò pápá, wọn ò ráyè mí. Ademola Lookman, ọmọ wa, gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣẹ́jú 12, 26 àti 75. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo wà ní Òkè-Fìà lọ́jọ́ yẹn, àga mẹ́ta ló ṣẹ́.

Ó rọrùn láti kọ́ ọmọdé. Ó tún rọrùn láti mọ ẹni tó jẹ̀bi: ẹni tí tirẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.


Àgbà Nọ́ńbà 6 · Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Wíìngì, mo gbà pé ó rọrùn láti ṣàlàyé. Àmọ́ ẹ rántí pé Gasperini lo ọdún mẹ́jọ lórí iṣẹ́ yẹn kó tó di ọjọ́ Dublin, ó sì máa ń ní ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́ta tó lè gbé ẹrù ara wọn. Marcelo Bielsa náà ń ṣe é nígbà tó jẹ́ kóòṣì Leeds. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2020, wọ́n lọ sílé Manchester United. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò tíì pé tí McTominay ti gbá góòlù méjì, ó ń sáré láti mídífíìdì, ẹni tó ń mú un ò bá a. 6-2 ni wọ́n padà jẹ ìyà náà. Eré ẹnì-sí-ẹni dà bí ilé tí wọ́n fi òpó kan ṣoṣo gbé ró: ẹyọ kan yẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà wó. Kóòṣì sì ti sọ fún wa pé nọ́ńbà 5 òun kò lè sáré. Ta la máa fi í mú?

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni góòlù-kíìkì. Níbẹ̀, kí kálukú mú tirẹ̀.


Ọmọ Ọláìyá · Ìṣẹ́gun, 3:02 ọ̀sán

Gbogbo yín ń pe orúkọ àwọn òyìnbó. Ṣé ẹ ti dúró lórí pápá eléruku ní Òṣogbo yìí ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ tó ní kí ọmọ tó jẹ gààrí àti ẹ̀pà máa sáré bo kípà? Barcelona tí kóòṣì ń wò, VAR, rẹfirí orí fídíò, wà lẹ́yìn wọn tó ń fi ìlà wọn ọ́fúsáìdì. Tiwa ńkọ́, láínsìmáànù lè jẹ́ àna kóòṣì wọn. Barcelona yẹn náà, nígbà tí wọ́n pàdé Inter ní 2025, góòlù méje ni Inter rọ́ sínú àwọ̀n wọn nínú eré méjì, wọ́n sì lé wọn jáde. Liverpool Klopp, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wọn, Aston Villa nà wọ́n ní 7-2 lóṣù kẹwàá 2020, ìlà òkè yẹn náà ni, kí ọwọ́ ẹ̀yìn gòkè jìnnà sílé wọn.

Ẹ wo Super Eagles lábẹ́ José Peseiro níbi ife Áfíríkà ní Côte d'Ivoire. Ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́ta, wọ́n fara pamọ́, Osimhen nìkan ló ń da àwọn ènìyàn láàmú níwájú. Eré mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, góòlù kankan ò wọlé. Wọ́n dé àṣekágbá. Kí ni ẹ tún ń wá?


Wíìngì 7 · Ìṣẹ́gun, 3:11 ọ̀sán

Ẹ sọ bí àṣekágbá yẹn ṣe parí náà ká gbọ́. Troost-Ekong fi orí kàn án wọlé, a padà sẹ́yìn lọ káwọ́ gbera, Kessié sọ ọ́ di ọ̀mì, Haller sọ ọ́ di 2-1. Ẹni tó fara pamọ́ náà ń jẹ góòlù o, ó kàn jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀.


Mọ́ńkì Pósítì · Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Ẹ má rán mi létí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò jẹun.


Ìyá Kípà · Ìṣẹ́gun, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mò ń retí ẹni tó máa dárúkọ kípà, kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin ọkùnrin! Mo ti wọ ìbọ̀wọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ.

Kóòṣì, ọmọ mi, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ bá gòkè dé ìdajì pápá, ibo ni kípà rẹ ń dúró sí?


Kóòṣì Òkè-Baálẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 6:04 ìrọ̀lẹ́

Mọ̀mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fídíò wò ni. Ní ìṣẹ́jú 52, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó ń mu píọ́ wọ́tà.


Ìyá Kípà · Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbọ́ ná.

Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé ara ìlà ni òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2014, ní Porto Alegre, Algeria bá Jámánì gbá ní World Cup. Ọwọ́ ẹ̀yìn Jámánì kò yára, wọ́n sì gòkè. Àwọn ọmọ Algeria ń gbá a sẹ́yìn wọn ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tó ń ju òkúta sínú odò. Manuel Neuer ń jáde kúrò nínú ilé 18, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá a, ó ń fi orí kàn án, ó ń yọ́ sílẹ̀. Ó ju kípà lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá ṣe tirẹ̀, Jámánì ò ní rí ife tí wọ́n gbà lẹ́yìn ìyẹn fọwọ́ kàn.

Bí ọwọ́ ẹ̀yìn bá wà ní ìdajì pápá, kípà gbọ́dọ̀ wà níta ilé 18, tàbí lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá fà sẹ́yìn, òun náà fà sẹ́yìn. Kí ó máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi okùn so mọ́ nọ́ńbà 4. Àwọn ènìyàn máa pariwo pé wọ́n máa gbá a gba orí rẹ̀ wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ìkejì, kípà ló ń rí gbogbo pápá, òun ni kó máa pe ìlà. Ọ̀rọ̀ méjì péré. “Ẹ sún!” nígbà tí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù kò ráyè. “Ẹ wálé!” nígbà tó bá ráyè. Nọ́ńbà 5 tó ń bẹ̀rù yẹn, ohùn ló ń wá. Ó bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo máa bá òun lé e. Dá a lóhùn pé kípà ni.


Alákọsílẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ọmọ Ọláìyá sọ nǹkan kan tí ẹ kò dá a lóhùn: oòrùn. Ó tọ̀nà níbẹ̀. FIFA fúnra wọn máa ń dá eré dúró kí wọ́n mumi nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Kò sí ẹgbẹ́ kankan láyé tó ń lé bọ́ọ̀lù fún 90 ìṣẹ́jú. Barcelona ti Guardiola láyé ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń sinmi. Wọ́n á já a gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n sọ ọ́ nù. Bí wọn ò bá rí i gbà, wọ́n á padà sí ipò wọn. Bí wọ́n bá sì rí i gbà, wọ́n á fi páàsì ogún mí.

Kóòṣì, mo rò pé ẹ̀yin, tí ẹ bá ti já a gbà, ojú ilé ẹlẹ́gbẹ́ nìkan lẹ ń wò. Ẹ gbá a wọlé, ẹ sáré. Ẹ sọ ọ́ nù, ẹ sáré. Ta ló máa ṣe é dé ìṣẹ́jú 84?

Àwọn tó ń fi ìṣirò wo bọ́ọ̀lù ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní PPDA. Wọ́n máa ń ka iye páàsì tí ẹgbẹ́ kejì ṣe ní apá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á fi iye ìgbà tí ẹ gbìyànjú láti já a gbà níbẹ̀ pín in: ìjágbà, ìdínà, fáùlù, gbogbo rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá kéré, ẹ ń fún wọn lọ́rùn. Bí ó bá ga, ẹ ti ń wòran. Ìwé àti bírò ti tó. Ẹ fi fídíò yẹn ka ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ẹ ka láti 60 dé 75, kí ẹ rí ìgbà tí wọ́n ti ṣubú.


Kóòṣì Òkè-Baálẹ̀ · Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀

Mo kà á dé aago kan òru. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, páàsì bíi mẹ́rin fún ìgbìyànjú kan. Láti 60 dé 75, mẹ́rìnlá. Mo tún rí ohun tí mi ò rò: nínú ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn yẹn, nọ́ńbà 9 wa ṣì ń sáré! Òun nìkan. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e.

Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa gbá. Ẹgbẹ́ mìíràn, láti ọ̀nà Ọ̀tà-Ẹ̀fun. Ìgbaradì méjì péré ló kù. Kí ni kí n ṣe?


Àgbà Nọ́ńbà 6 · Ọjọ́rú, 8:00 àárọ̀

Ẹ má ṣe ohun púpọ̀. Lónìí, ẹ wá okùn, èyí tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Ẹ so ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní ìbàdí, kí mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá wà láàárín ẹnì kan àti ìkejì. Ẹ̀yin mú bọ́ọ̀lù dání, ẹ máa rìn kiri níwájú wọn. Ẹ gbé e sókè bí ẹni tó ráyè, kí wọ́n fà sẹ́yìn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí wọ́n gòkè. Kípà ń pe ìlà. Àwọn ọmọ máa ṣubú lé ara wọn, àwọn ará àdúgbò á fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kó gbogbo àwọn mọ́kànlá sórí pápá láìsí ẹgbẹ́ kejì. Ẹ máa pe ibi tí bọ́ọ̀lù wà: “Kípà!” “Fúlúbáàkì òsì!” kí gbogbo wọn sún lọ pọ̀. Sacchi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Milan láìsí bọ́ọ̀lù rárá.

Òfin kan fún nọ́ńbà 9: kó má gbéra títí tó fi máa bojú wẹ̀yìn tó rí i pé nọ́ńbà 6 ti sún mọ́ òun. Bí wọ́n bá ti gbá páàsì méjì jáde nínú ìdẹkùn yín, kí gbogbo yín fà sẹ́yìn dé ìdajì pápá. Bí a bá léni tí a ò bá ẹni, ìwọ̀n là á bá ẹni í ṣọ̀tá mọ.


Ọmọ Ọláìyá · Ọjọ́rú, 8:25 àárọ̀

Kí eré náà kúrò ní aago mẹ́ta. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó di aago mẹ́rin ààbọ̀. Àmọ̀ràn tèmi nìyẹn, mi ò gba owó.


Kóòṣì Òkè-Baálẹ̀ · Sátidé, 8:48 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o. 2-2.

Wọ́n gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ (Ọmọ Ọláìyá, ẹ ṣeun). Góòlù wa àkọ́kọ́, bí ẹni ṣe é lórí ìwé: kípà wọn gbá a sí fúlúbáàkì òsì, wíìngì wa ti dé, nọ́ńbà 9 dí ọ̀nà àbọ̀, ọmọ náà gbá a mọ́ wíìngì lẹ́sẹ̀, nọ́ńbà 8 wa fi í sínú àwọ̀n. Ìkejì, kọ́nà ni, nọ́ńbà 5 olórù-sìmẹ́ńtì ló fi orí kàn án! Òun náà ló mú nọ́ńbà 9 wọn sí ọ́fúsáìdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní abala àkọ́kọ́. Ìgbà kẹrin, láínsìmáànù ò gbé àsíá, góòlù wọlé. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Góòlù kejì wọn ló ń dùn mí. Ìṣẹ́jú 77, kípà jáde bí Mọ̀mí ṣe kọ́ ọ, ó dé ibi bọ́ọ̀lù ṣáájú, àmọ́ ó ṣi ẹsẹ̀ gbá, bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀ nọ́ńbà 11 wọn. Ilé ti ṣófo. Ọmọ náà sunkún. Àwọn ará àdúgbò tún ní kí n lé òun.

Nọ́ńbà 9 náà ń bínú. Ó ní òun sáré jù gbogbo ènìyàn lọ, àwọn mìíràn ló ń gbá góòlù.


Wíìngì 7 · Sátidé, 9:01 alẹ́

Ẹ sọ fún nọ́ńbà 9 pé kó lọ wo góòlù àkọ́kọ́ yẹn lórí fídíò, kó má wo bọ́ọ̀lù, kó wo ara rẹ̀.


Ìyá Kípà · Sátidé, 9:10 alẹ́

Má lé e o. Ó dé ibi bọ́ọ̀lù ṣáájú, ìyẹn ló ṣòro jù. Ẹsẹ̀ ló kù, a ń kọ́ ẹsẹ̀. Mú un wá sí pápá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ó mú bọ́ọ̀lù mẹ́ta dání. Kó má mú píọ́ wọ́tà.